Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọkàn àti Ẹ̀dọ̀fóró Nígbà Tí A Bá Ń Gun Òkè Tó Tutù

Etí ọ̀sà ni Ìkòròdú tí à ń gbé yìí wà. Ilẹ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi òkun lọ, ooru rẹ̀ sì ti mọ́ wa lára. Ẹni tó bá gbéra níbí lọ sí Jos lásìkò ọyẹ́, òtútù ni yóò bá a fínra jù, torí gíga ibẹ̀ ò ju bíi mítà 1,200 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá forí lé òkè Kilimanjaro ní Tàǹsáníà, tó ga tó mítà 5,895, á bá òtútù àti àìtó ọ́síjìn pàdé pọ̀. Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní bíi mítà 5,500, ìdajì ọ́síjìn tí à ń fà símú nílé ló kù. Ọkàn á máa sáré, èémí á máa yá. Òtútù náà á fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ru sí i.

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó lọ. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, kí ẹ sì mọ jẹ́nótáìpù yín dájú. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó jẹ́ SS, àìtó ọ́síjìn lè dá ìrora ńlá sílẹ̀ sí i lára. Kó má lọ àfi tí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ AS rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan ló kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí wọ́n bá gòkè gíga, ìrora líle lè mú wọn lábẹ́ egungun ìhà òsì. Tó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wá ilé ìwòsàn lọ.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ínhélà, inú báàgì ọwọ́ yín ni kó wà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta léra sàn ju kóòtù ńlá kan lọ. Ẹ fi ìborùn bo imú àti ẹnu, pàápàá ẹni tó ní ásímà, torí afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ máa ń fún ọ̀nà èémí pọ̀. Ẹ má mu ògógóró torí òtútù: awọ ara nìkan ló ń mú gbóná, ooru inú ara ló ń gbé jáde.

Lókè, ẹ má kánjú. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tí ẹ ó sùn kò gbọdọ̀ fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ. Ẹ sì fi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tí orí bá ń fọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Tí èémí ò bá délẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ jókòó, tí ikọ́ ń mú itọ́ olómi pupa jáde, tàbí tí ẹ ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú kì í sábà mọ̀, nítorí náà ẹ ti sọ àìsàn àti jẹ́nótáìpù yín fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gòkè kí ẹ tó kúrò nísàlẹ̀.