Má Fi Oyè Àlùfáà Òde Òní Ka Ìwé Ìsàmì Àtijọ́

Ẹni tó bá ń wá àwọn Nàgó ní Bahia ní Bràsíl tàbí àwọn Lukumí ní Kúbà (orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ẹrú Yorùbá níbẹ̀) nínú ìwé ìjọ Kátólíìkì, oyè àlùfáà ni yóò kọ́kọ́ pàdé kó tó kan orúkọ ẹrú tí wọ́n sàmì fún. Tó bá ṣi oyè yẹn mú, ọ̀nà ẹlòmíì ni yóò máa tọ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti vigário. Àwọn kan ti gbọ́ pé adelé ni vicarius lédè Látìnì, wọ́n wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé igbákejì àlùfáà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Bràsíl, vigário gan-an ni olórí ìjọ àdúgbò. Coadjutor ni igbákejì rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é ní vigário colado, ọba Potogí ló fi í jẹ, tàbí ọba Bràsíl lẹ́yìn òmìnira ọdún 1822, àpò ọba ni owó rẹ̀ sì ti ń wá. Encomendado ní tirẹ̀ kàn ń di àyè mú fúngbà díẹ̀ ni. Nítorí náà, tí encomendado bá ń yí lemọ́lemọ́ nínú ìwé kan, má sọ pé wọ́n ń lé àlùfáà kúrò níbẹ̀.

Má sì gbà pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ló sàmì. Ẹ wo gbólóhùn yìí, ó pọ̀ nínú àwọn ìwé náà: “batizou de licença minha o Padre…” Vigário ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pé, “Àlùfáà báyìí ló sàmì, èmi ni mo yọ̀ǹda fún un.” Nínú ìwé ìgbéyàwó, irú ìyọ̀ǹda yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti ìgbà tí ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Trent ti ṣòfin lọ́dún 1563, ìgbéyàwó tí kò ṣojú àlùfáà àdúgbò tàbí ẹni tó gbà láyè, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán, kò múlẹ̀ níbi tí òfin náà bá ti dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ kedere.

Èyí tó ń dùn mí jù ni “escrava do Reverendo Padre”, ìyẹn “ẹrúbìnrin Àlùfáà Ẹni Ọ̀wọ̀”. Olówó ẹrú ni Padre yẹn! Àwọn àlùfáà ní ẹrú, ilé àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Kátólíìkì bíi Benedictine àti Carmelite náà ní. Mo ti rí i tí wọ́n kọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó sàmì fún obìnrin náà, tí ọ̀rọ̀ pé òun ló rà á sì pòórá pátápátá. Ohun tó ṣáájú oyè ni kí o wò: tó bá jẹ́ batizou, òun ló sàmì, tó bá jẹ́ padrinho, bàbá ìsàmì ni, tó bá jẹ́ escravo tàbí escrava do, òun ló ni ẹrú.

“Fr.” nínú ìwé Potogí, Frei ni, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn bíi ti Franciscan tàbí Carmelite. Ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí o ti wá ìtàn rẹ̀, má kàn wá a láàárín àwọn àlùfáà àdúgbò. Ní Kúbà, cura ni olórí ìjọ àdúgbò, teniente de cura sì ni igbákejì rẹ̀. Don ńkọ́? Wọ́n ń fi í pe àlùfáà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi í pe òyìnbó ọlọ́lá tí kò wọ aṣọ àlùfáà rí pẹ̀lú, nítorí náà Don nìkan kò tó láti pe ẹnikẹ́ni ní àlùfáà.