Kẹ́ẹ tó gbé àgbo ibà kaná

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ẹ tó já ewé kankan, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n bá ní ara ẹnì kan ń gbóná, wọn ò ní sáré lọ sídìí dóńgóyárò o, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn onítọ̀hún, wọ́n á ní kó yọ ahọ́n, wọ́n á bi í pé ìgbà wo ló yàgbẹ́ kẹ́yìn, ṣé ó sùn lánàá, ṣé kò sí ìjà láàárín òun àti ọkọ ẹ̀, torí wọ́n gbà pé tí ọkàn ò bá balẹ̀, egbòogi ò ní ríṣẹ́ ṣe. Àwa ti ń fo gbogbo ìyẹn báyìí, àgbo inú ike la kàn ń rà lójú títì, ó sì ń dùn mí.

Ti òde òní tí mo fi kún un ni àyẹ̀wò ibà, tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín lórí ìka, ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ ti mọ̀ bóyá ibà ẹ̀fọn ni, torí kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Tó bá jẹ́ ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5, tàbí aláboyún, tàbí ẹni tó ń bì ṣáá, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì ń mú, ẹ má se nǹkan kan, ọsibítù ni. Dóńgóyárò ò tiẹ̀ dáa fún aláboyún rárá.

Tó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, ẹ lo oògùn ibà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ACT tí wọ́n bá fún yín tán pátá. Inú ewé lòun náà ti wá ṣá. Tu Youyou, ìyá ará Ṣáínà kan, ló rí artemisinin, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ACT, nínú ewé táwọn baba ńlá wọn fi ń wo ibà, ìwé àtijọ́ kan ló sì fi yé e pé iná ń ba ewé yẹn jẹ́, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015.

Àgbo wá ńkọ́? Dóńgóyárò ẹ̀kúnwọ́ kan, ewé ìbẹ́pẹ méjì, kooko ọba táwọn kan ń pè ní ewé tíì, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin tẹ́ẹ là sí méjì. Ẹ má já ewé ẹ̀bá títì, ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa. Ìkòkò amọ̀ ló dáa jù. Ẹ bu omi bò ó, kó hó bí ìṣẹ́jú 30 títí omi á fi pọ́n bíi tíì tó ki.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó jìnnà sí orúnkún ẹni tí ara ẹ̀ ò yá, kẹ́ẹ fi aṣọ bo òun àti ìkòkò kó gba ooru ẹ̀ díẹ̀, tó bá ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ kó fi wẹ̀. Mímu ẹ̀ ni kó dúró kí oògùn tán ná, ẹni tó bá sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti kíndìnrín kó má mu ún láìbi dókítà. Tó bá ń mu ún, kọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn oúnjẹ ti tó, kò gbọdọ̀ sí ọtí níbẹ̀. Ẹ máa tún un hó lójoojúmọ́, tó bá ti kan, ẹ dà á nù.

Ẹ fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, kó sùn, kẹ́nì kan wà nítòsí. Tí ara ẹ̀ bá ṣì ń gbóná lọ́jọ́ kẹta, ẹ padà sí ọsibítù, kẹ́ẹ mú ewé tẹ́ẹ lò dání lọ fi han nọ́ọ̀sì.