Igi inú ọgbà àti ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́

Bó bá ti di January báyìí, kò sí bí mi ò ṣe ní rí ẹni tó máa sọ fún mi pé máńgòrò tóun gbìn ti kú, bẹ́ẹ̀ òun ń bu omi sí i o. Mo mọ bó ṣe ń dunni, igi mẹ́ta ló ti kú mọ́ èmi náà lọ́wọ́ lágbàlá wa ní Tanke kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní Ìlọrin wa níbí, nǹkan bí April lòjò ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní October, ẹ̀ẹ̀rùn á gbà á, ọyẹ́ á tún fẹ́ lé e, ó di nǹkan bí oṣù márùn-ún kí ilẹ̀ tó tún rí omi gidi. Igi tí gbòǹgbò ẹ̀ ò bá tíì wọlẹ̀ dáadáa kí ọyẹ́ tó dé, omi tẹ́ ẹ ń wọ́n sí i yẹn ò lè gbà á là. Torí náà ẹ gbìn ín láàárín ìparí May sí July, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín ní September, oṣù kan péré ló fún igi ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ra igi, ẹ wo ilẹ̀ yín ná. Ọ̀pọ̀ wa, pulọ́ọ̀tì kan la ní, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, ilé ti gbà lára ẹ̀, sọ́kàwè àti kànga náà ti mú tiwọn. Máńgòrò tó bá dàgbà lè na ẹ̀ka ju 30 ẹsẹ̀ bàtà lọ, kajú náà fẹ́ràn àyè, torí náà ọ̀kan péré tó o, kó sì jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 25, kó jìnnà sí sọ́kàwè àti fẹ́ǹsì dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbójú sókè wò ó bóyá wáyà iná ń kọjá níbẹ̀. Ọsàn, gúáfà, ìbẹ́pẹ, àwọn yẹn ò gba àyè púpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìhà Òmù-Àrán lọ sí Òkè-Èrò, òjò tiyín dáa ju tiwa lọ, ẹ lè gbin obì àti píà kó sì ṣe dáadáa, èmi ò lè gbà yín níyànjú ẹ̀ ní Ìlọrin àfi tẹ́ ẹ bá lómi.

Ti ọsàn àti máńgòrò, ẹ ra èyí tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́ igi míì, gráfítẹ́ẹ̀dì làwọn tó ń tà á ń pè é. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa so, èyí tó ti inú kóró hù lè ju ọdún mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fojú ara yín rí ojú ibi tí wọ́n ti so ó o! Ó máa ń wà ní nǹkan bí ìka mẹ́rin sí àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀ lókè ilẹ̀, èèpo ìsàlẹ̀ àti tòkè ò ní fi bẹ́ẹ̀ jọra, ara ẹ̀ á wú díẹ̀ níbẹ̀ bí ojú ọgbẹ́ tó ti jiná. Èmi ra ọsàn méjì lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ní gráfítẹ́ẹ̀dì ni, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, igi yẹn kún fún ẹ̀gún, ó sì pé ọdún márùn-ún láìso ẹyọ kan. Ìbẹ́pẹ ò nílò ìyẹn, ẹ gbin mẹ́ta sójú kan, tó bá yọ òdòdó, èyí tí òdòdó ẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ lórí ọ̀pá òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, akọ nìyẹn, ẹ gé e, ẹ fi èyí tó máa so sílẹ̀.

Kòtò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú kéré. Ilẹ̀ wa, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ díẹ̀ ẹ máa bá yangí, kòtò kékeré nínú yangí dà bí ìkòkò, gbòǹgbò á kàn máa yí po nínú ẹ̀ ni. Ẹ gbẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì jíjìn, méjì fífẹ̀, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, ẹ kó pupa ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ da omi sí i, tó bá di ọjọ́ kejì tí omi ṣì dúró síbẹ̀, ẹ wá ibòmíì. Ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti màálù tó ti jẹrà dáadáa ni kẹ́ ẹ pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ dúdú náà, tútù á jó gbòǹgbò, tó bá ṣì ń rùn kò tíì tó.

Ẹ fi bíléèdì la náílọ̀n dúdú tí igi náà wà nínú ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ rà á kúrò pátápátá. Ìgbà tí mo la tèmi, gbòǹgbò ti yí po nísàlẹ̀ bí òwú tí wọ́n ká, mo fọwọ́ tú u díẹ̀díẹ̀, mo gé àwọn tó ti yí jù. Ibi tí iyẹ̀pẹ̀ dé nínú náílọ̀n ni kó dé nínú ilẹ̀, ẹ má bo ojú ibi tí wọ́n so pọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá ṣe ebè yí i ká bí abọ́ kí omi má baà ṣàn lọ, kẹ́ ẹ sì fi igi ẹlẹ́gùn-ún sọ ọgbà kékeré sí i, torí ewúrẹ́ àdúgbò ò mọ̀ pé owó lẹ fi rà á.

Tí òjò bá ti dá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bomi, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan fún igi kan, díẹ̀díẹ̀ kó lè mu ún, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà tàbí tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ife omi kan lójoojúmọ́ kì í jìnnà nínú ilẹ̀, gbòǹgbò náà á wá máa rìn lókè. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀ nípọn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó fi ìka mẹ́rin jìnnà sí ara igi, torí ikán. Ẹ máa wo ìdí igi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ilà amọ̀ tó ń gun èèpo lọ sókè, ikán nìyẹn, ẹ ha á kúrò lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń gún ewé dóńgóyárò, kí n rẹ ẹ́ mọ́jú, kí n da omi ẹ̀ sí ìdí igi, ó ń lé wọn fún ìgbà díẹ̀ ni, ẹ tún máa tún un ṣe.

Èyíkéyìí tó bá rú jáde lábẹ́ ojú ibi tí wọ́n so pọ̀, ẹ já a, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, òun ló máa gba oúnjẹ gbogbo. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, torí náà tí máńgòrò bá ti ga dé ìbàdí, ẹ gé orí ẹ̀ kó lè yọ ẹ̀ka sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí tó máa dùn yín jù ni òdòdó. Máńgòrò gráfítẹ́ẹ̀dì lè yọ òdòdó ní January tó kọ́kọ́ rí, ó kéré bẹ́ẹ̀, ó sì rẹwà, gbogbo ilé á jáde wá wò ó. Ẹ já gbogbo ẹ̀, kí igi náà lè fi agbára ẹ̀ dàgbà ná. Ọdún kejì náà, ẹ tún já a. Ọdún kẹta lẹ máa fi èso bíi mẹ́rin márùn-ún sílẹ̀ fún un.