Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Tún Rọ́nà Dúrọ́ọ̀ Ṣe Nílé

Dúrọ́ọ̀ tí kò wọlé dáadáa kì í pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó máa ń bí onílé nínú lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ti ń fi ìbàdí ti dúrọ́ọ̀ ṣíbí wọlé láràárọ̀ kì í ní sùúrù mọ́ lọ́jọ́ tí ó bá pinnu láti tún un ṣe. Yóò fà á yọ, yóò tú rọ́nà rẹ̀, ìyẹn irin méjì tí a dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì rẹ̀, yóò sì gba ọjà lọ. Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára ẹni tí ó ní tépù, síkúdíráfà àti pẹ́ńsù nílé. Ohun tí ó ń bà á jẹ́ ni pé a máa ń dá irin lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí pákó, ihò síkúrúù tàbí ìwọ̀n tí kò péye dá, irin tuntun yóò wá dé orí àìsàn àtijọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa ṣe bíi ti àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ kó gbogbo ẹrù inú dúrọ́ọ̀ náà kúrò, kí ẹ rọra máa fà á síwá-sẹ́yìn, kí ẹ sì máa wò ó. Bí ó bá ń lọ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ó ṣófo, ṣùgbọ́n tí ó ń le nígbà tí ẹrù wà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹrù ti pọ̀ ju agbára rọ́nà lọ, tàbí pé pákó ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ ti tẹ̀, tí ó sì ń ha igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí iwájú rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ìka mi rọ́nà ẹ̀gbẹ́ náà. Bí ó bá ń mì, síkúrúù ni ó tú, irin kò ṣe nǹkan kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Ṣíbí kan ṣoṣo tí ó já bọ́ láti inú dúrọ́ọ̀ òkè ti tó láti dènà dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti torí irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ ra rọ́nà tuntun. Irin tó pípààrọ̀ nígbà tí ó bá ti tẹ̀, tí ó bá ti dógùn-ún débi tí ojú ọ̀nà rẹ̀ fi di gbágungbàgun, tí táyà rọ́bà rẹ̀ bá ti là, tàbí tí àwọn ọta irin kéékèèké inú rẹ̀ bá ti ń já sílẹ̀.

Àwọn tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí a fi ìrókò tàbí ọ̀gànwó kàn sábà máa ń ní dúrọ́ọ̀ tí kò ní irin rárá. Igi ni ó ń gun igi. Igi a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, a sì máa wú ní ìbú, nítorí náà dúrọ́ọ̀ tí ó há gádígádí ní oṣù Keje lè máa yọ̀ wọ́ọ́rọ́ nígbà ọyẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìfági fá a jinlẹ̀ nígbà òjò yóò rí i pé ó ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi tí a sì ti fá kúrò kò ṣe é dá padà. Ẹ fi àbẹ́là ra ibi tí igi ti ń ha igi, kí ẹ sì ní sùúrù títí ojú ọjọ́ yóò fi gbẹ.

Fífi agbára fa dúrọ́ọ̀ yọ ń fa ìbàjẹ́ tí kò nídìí. Rọ́nà ọlọ́ta, èyí tí irin rẹ̀ ń yọ nínú ara wọn ní ìpele mẹ́ta, ní ahọ́n ike dúdú kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ jáde dé òpin, kí ẹ tẹ ahọ́n ẹ̀gbẹ́ kan sókè, kí ẹ tẹ ti ẹ̀gbẹ́ kejì sísàlẹ̀ lákòókò kan náà, kí ẹ wá fà á tààrà. Irin kan náà ni wọ́n yí padà fún ọ̀tún àti òsì, ìdí nìyẹn tí ahọ́n tí a ń tẹ̀ sókè níhìn-ín fi jẹ́ èyí tí a ń tẹ̀ sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tẹ méjèèjì sókè, yóò fà á tì, yóò sì mú òòlù. Rọ́nà onítáyà, èyí tí táyà rọ́bà kékeré ń yí lójú irin rẹ̀, kò ní ahọ́n ní tirẹ̀. Ẹ fà á dé òpin, kí ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, yóò sì bọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá ti ọlọ́ta padà, ẹ kọ́kọ́ fa irin tín-ín-rín tí ó to àwọn ọta náà wá sí iwájú pátápátá, kí ẹ sì rí i pé ọ̀tún àti òsì wọ ojú ọ̀nà wọn papọ̀ kí ẹ tó tì í. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wọ́, àwọn ọta yóò fọ́n ká ilẹ̀ ilé ìdáná, rọ́nà tí kò ṣe nǹkan kan yóò sì di ohun àdànù.

Ìwọ̀n ni owó ti ń ṣòfò jù lọ. Rọ́nà onítáyà àti rọ́nà ọlọ́ta tí ó wọ́pọ̀ ń fẹ́ àlàfo ìdajì íǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 12.7, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí inú kọ́bọ́ọ̀dù bá fẹ̀ tó íǹṣì 18, àpótí dúrọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 17 láti ìta dé ìta. Àpótí yìí ni ẹ ó wọ̀n, kì í ṣe pákó ojú dúrọ́ọ̀, nítorí pé pákó ojú sábà máa ń fẹ̀ ju àpótí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ẹ wọn inú kọ́bọ́ọ̀dù ní iwájú, ní àárín àti ní ẹ̀yìn, torí pé pákó ẹ̀gbẹ́ a máa tẹ̀ sínú láìjẹ́ pé ojú rí i, mìlímítà 2 péré sì ti tó láti mú kí dúrọ́ọ̀ há ní ìdajì ọ̀nà. Bí àlàfo bá pọ̀ díẹ̀ jù, ẹ gé páálí tàbí puláíwúùdù tín-ín-rín tí ó gùn tó irin náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe fi síkúrúù fa irin mọ́ra títí yóò fi wọ́. Bí àlàfo bá kéré jù, kò sí rọ́nà tí ó lè gbà yín sílẹ̀, àpótí ni ẹ ó dín kù.

Gígùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Íǹṣì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà fi ń pè é, 10, 12, 14 títí lọ, bẹ́ẹ̀ ni mìlímítà ni ó wà lára ọ̀pọ̀ èyí tí ó ti òkèèrè wá: 300, 350, 400, 450, 500. Èyí tí wọ́n bá pè ní íǹṣì 18 fún yín lè jẹ́ mìlímítà 450, nígbà tí íǹṣì 18 gidi jẹ́ mìlímítà 457. Yálà Odùn-Adé ní Orílé ní Èkó ni ẹ ń lọ, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní ìkòríta àdúgbò yín, ẹ mú irin àtijọ́ dání, kí ẹ sì fi í wé tuntun nígbà tí méjèèjì wà ní pípadé. Kọ́bọ́ọ̀dù tí inú rẹ̀ jìn tó íǹṣì 19 ń fẹ́ rọ́nà 18; èyí tí ó jẹ́ 20 yóò ta pákó ẹ̀yìn. Ẹ pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì papọ̀, nítorí pé irin tí ó ti jẹ àti irin tuntun kì í rìn dọ́gba.

Púpọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná òde òní ni a fi MDF kàn, ìyẹn pákó tí wọ́n fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, níbẹ̀ sì ni ihò síkúrúù ti ń gbòòrò jù. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni síkúrúù tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí ìṣó. Síkúrúù íǹṣì kan nínú pákó mìlímítà 18 yóò yọrí sí òdì kejì, ìṣó yóò sì la pákó náà. Ẹ gé orí igi ìṣáná kúrò, kí ẹ rì wọ́n sínú gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, kí ẹ kì wọ́n sínú ihò náà títí yóò fi kún dẹ́ńdẹ́ń, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ gé èyí tí ó yọ jáde, kí ẹ sì fi dírílì tín-ín-rín lu ihò tuntun sí àárín rẹ̀. Síkúrúù mìlímítà 16 ti tó fún pákó mìlímítà 18. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rì wọ inú ihò irin; bí ó bá yọ gọngọ, yóò máa ha irin kejì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí dúrọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó wú MDF náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nítòsí síǹkì, igi ìṣáná kò lè ràn án. Ẹ de puláíwúùdù mọ́ ara rẹ̀, tàbí kí ẹ pààrọ̀ pákó náà.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ má ṣe fún gbogbo síkúrúù pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò róbótó wà lára rọ́nà, ihò gbọọrọ sì wà: èyí tí ó dúró lóòró wà fún gbígbé dúrọ́ọ̀ sókè tàbí sísọ̀ ọ́ kalẹ̀, èyí tí ó sùn wà fún títì í síwájú tàbí sẹ́yìn. Inú ihò gbọọrọ ni ẹ ó kọ́kọ́ fi síkúrúù sí. Ẹ dá dúrọ́ọ̀ padà, ẹ tún un ṣe títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ti àwọn yòókù dọ́gba, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó fi ihò róbótó dè é pa. Kí ọ̀tún àti òsì lè wà ní gíga kan náà, ẹ gé pákó kan, ẹ gbé e kalẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé irin lé e lórí, kí ẹ sì lo pákó yẹn kan náà fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Lára rọ́nà onítáyà, ẹ ó rí àmì: CL àti CR ni ti òsì àti ọ̀tún kọ́bọ́ọ̀dù, DL àti DR ni ti òsì àti ọ̀tún dúrọ́ọ̀.

Ní ti òróró, ẹ jẹ́ kí òróró ẹ̀pà àti ti ẹ́ńjìnnì wà ní àyè wọn. Dúrọ́ọ̀ yóò yọ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà eruku yóò lẹ̀ mọ́ òróró náà, pàápàá nígbà ọyẹ́, yóò sì di ẹrẹ̀ dúdú. Ẹ nu irin náà mọ́, kí ẹ sì fi gíríìsì funfun díẹ̀ sí ojú ọ̀nà àwọn ọta rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù gíga ni, tí ẹ sì fi rọ́nà ọlọ́ta tí ó ń jáde tán pátápátá rọ́pò onítáyà, ẹrù yóò máa jìnnà síwájú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ má ṣe fa dúrọ́ọ̀ méjì jáde papọ̀ láti dán wọn wò, bí ọmọdé bá sì wà nílé, ẹ fi irin onígun de ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ ògiri kí ẹ tó kó ẹrù padà sínú rẹ̀.