Ẹ Má Kàn Sọ Pé “Sódà” Lọ́jà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Òkè Ayọnáyèéfín Àfọwọ́ṣe

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ní gbogbo ìgbà tó bá kan òkè ayọnáyèéfín, owó tí àwọn òbí ń ná dànù máa ń dùn mí. Ẹ ti mọ bó ṣe ń lọ: ike kan, amọ̀ yí i ká, sódà nínú, fínígà lórí, ó hó jáde. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní ni sódà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá dé ọjà tí ẹ ní sódà lẹ fẹ́, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n lè gbé fún yín. Béékìn sódà ni tiwa. Béékìn páúdà ni ìkejì: sódà ni, àmọ́ wọ́n ti po ásíìdì gbígbẹ àti sítáàṣì mọ́ ọn. Ó máa hó, ṣùgbọ́n kò ní lágbára tó, ọmọ á wá máa wojú yín. Tí ẹ kò bá dá méjèèjì mọ̀, ẹ da omi tútù lásán sí díẹ̀ nínú ṣíbí. Béékìn páúdà á hó, nítorí ásíìdì ti wà nínú rẹ̀. Béékìn sódà kò ní hó.

Ìkẹta ni sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. Ìyẹn ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú èèyàn.

Lọ́dún kan, ọmọ ọdún méje kan gbé sódà wá láti ilé nínú ọ̀rá. Mo gbà á, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mi ò tú u wò. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti ń sun omi, ó ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Àyà mi já. Béékìn sódà kì í fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bẹ́ẹ̀, sódà ọlọ́ṣẹ ló ń ṣe é. Ohun tí ọmọ yẹn gbé sọ́wọ́ láti ilé dé kíláàsì nìyẹn! Mi ò lè bá ìyá rẹ̀ wí. Èmi ni mo kọ “sódà” sínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sílé, mi ò sọ irú èwo. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń rà á fúnra mi, inú páálí tí orúkọ rẹ̀ wà lára ni. Èyí tí wọ́n bá wọ̀n sínú ọ̀rá tí kò lórúkọ, ẹ má rà á, ẹ má sì dán an wò.

Èkejì, ẹ yé da sódà bí ẹni ń da gàrí. Ṣíbí ìjẹun kan ń fẹ́ fínígà tó tó 200 mílílítà kó tó hó tán. Àwọn kan á da ìdajì páálí, wọ́n á wá fi ife kékeré kan fínígà lé e. Gbogbo èyí tó kù á jókòó sísàlẹ̀ ike bí iyanrìn. Tí fínígà bá wọ́n, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ má fi símẹ́ńtì mọ òkè náà. Símẹ́ńtì tútù ń jẹ awọ ọmọdé. Amọ̀ ti tó.

Ẹ má dé ẹnu ike láéláé.

Ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ olómi díẹ̀ sí i kó lè hó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun rọ́pò rẹ̀. Bí òun àti fínígà bá pàdé, gáàsì olóró ló ń jáde.

Ẹ tún yé ra àwọ̀ pupa. Ẹ po sóbò mọ́ fínígà. Pupa ló máa wà, tó bá wá kan sódà, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà lójú àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ míì tún nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé bó bá ti hó tán, wọ́n á palẹ̀ mọ́. Ọmọ kan bi mí rí bóyá fínígà ló wà nínú Òkè Kamẹrúùnù. Ìbéèrè gidi ni! Nínú òkè gidi, òkúta tí ooru ti yọ́ ló ń gòkè bọ̀, gáàsì inú rẹ̀ á máa tú jáde, á sì máa tì í sókè. Gáàsì yẹn nìkan ló jọ tiwa. Kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì tó ń jáde nínú ike wa wà lára ohun tí àwọn òkè bẹ́ẹ̀ ń tú jáde. Òun náà ló jáde láti inú adágún Nyos ní Kamẹrúùnù lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, tó ṣàn lọ sínú àfonífojì, tó sì pa nǹkan bí 1,700 èèyàn. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń wá.

Nítorí náà, kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, ẹ hó díẹ̀ nínú jọ́ọ̀gì ńlá kan. Kí àgbàlagbà tan àbẹ́là, kó rọra dẹ jọ́ọ̀gì náà sí i, kó má jẹ́ kí omi dà. Gáàsì nìkan ló máa ṣàn lé e lórí. Iná àbẹ́là á kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ, kíláàsì á sì dákẹ́ rọ́rọ́, títí ẹnì kan á fi ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un ṣe.”