Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nínú ìṣirò ilẹ̀ tó ń yọ̀

Ẹ fi rọ́bà so ọmọ ọlọ, kí ẹ rọra máa fà á lórí sìmẹ́ńtì. Rọ́bà á nà, ọmọ ọlọ ò ní mira. Tó bá ṣe díẹ̀, á fò síwájú gbì, á tún dúró. Láti 1966 ni Brace àti Byerlee, àwọn onímọ̀ nípa òkúta, ti sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe ń wáyé lójú ẹ̀là ilẹ̀, ìyẹn ibi tí òkúta ti là, tí apá méjèèjì ń yọ̀ lára ara wọn. Àwọn àbúrò tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) mọ èyí dáadáa.

Ṣùgbọ́n wọ́n á mú nọ́ńbà frottement (bí ojú méjì ṣe ń di ara wọn mú) kan fún òkúta tó dúró, òmíràn fún èyí tó ń yọ̀, ó parí. Ẹ má ṣe é. Àwọn onímọ̀ Dieterich (1979) àti Ruina (1983) ti fi hàn pé ìdìmú òkúta ń yí padà. Nọ́ńbà méjì ló wà nínú ìṣirò wọn: a jẹ́ ti eré tó ń sá, b jẹ́ ti bó ṣe pẹ́ tó lójú kan.

Èyí tó ń dùn mí jù ni gígé ẹ̀là ilẹ̀ sí ègé ńláńlá nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó ṣírò ó. Àbúrò kan sáré wá bá mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó, kékeré ń mì, ńlá ń mì, bíi ti ayé gan-an!” Mo ní kó gé ègé rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ó gé e, ó tún gé e, àwọn kékeré náà dàwátì. Onímọ̀ kan, Rice, ti kìlọ̀ ní 1993: bí ègé bá tóbi jù, kálukú á máa dá mì nínú ilé tirẹ̀. Ẹ ṣírò ó wò. Bí òkúta bá le tó 30 GPa, tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ jẹ́ 50 MPa (òṣùwọ̀n ìtẹ̀ ni méjèèjì, 1 GPa jẹ́ 1,000 MPa), tí b−a jẹ́ 0.004, tí òkúta sì ní láti yọ̀ ní 10 máíkírómítà kó tó gbàgbé ìdúró rẹ̀ àná, ibi tó lè dá bẹ̀rẹ̀ ìmìtìtì ò ju nǹkan bíi mítà 1.5 lọ. Kí ni ègé 100 mítà ń wá níbẹ̀? Bí kọ̀ǹpútà yín ò bá lágbára, ẹ sọ máíkírómítà 10 yẹn di mílímítà 10, ó di mítà 1,500, kí ẹ sì kọ ọ́ síta gbangba pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ yọ agbára omi inú òkúta kúrò nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ má fi odo sí eré, nítorí logarithm wà nínú ìṣirò náà, odo ò sì ní logarithm. Ẹ jẹ́ kí ìṣísẹ̀ àkókò máa kéré bí eré bá ń pọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé eré mílímítà 35 lọ́dún ti San Andreas, ẹ̀là ilẹ̀ California, ka orí ẹ̀là ilẹ̀ Kandi tiwa ní Benin. Ti Amẹ́ríkà wà níbi tí ilẹ̀ ńlá méjì ti ń fara gbo ara. Tiwa ti di arúgbó, àárín ilẹ̀ kan ṣoṣo ló sùn sí.