Àwọn àṣìṣe tá a máa ń ṣe tá a bá rí ẹni tó sanra, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká jáwọ́ ńbẹ̀

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, ojoojúmọ́ ni mò ń fi okùn wọn ara àwọn obìnrin. Tí mo bá ti dé ìbàdí báyìí, ẹlòmíì á rọra sọ fún mi pé "Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é síta." Kì í ṣe okùn ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ẹnu àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, inú ìkíni ló máa ń sá pa mọ́ sí. Èèyàn á wọ mọ́tò láti Kétu wá, kò tíì jókòó, kò tíì mu omi, wọ́n á ní "Háà, o mà ti fẹ̀ o!" A rò pé ìyìn ni, torí láyé àwọn ìyá wa ẹni tó sanra ni wọ́n gbà pé ó rówó, pé ọkọ ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀, ẹni tó bá sì rù, wọ́n á ní àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni ìyìn yẹn àti èébú "ọ̀rọ́bọ̀", torí ara la wò tá a fi sọ ìwà àti àpò ẹni, a ò bi í ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló fà á, ó lè jẹ́ oògùn àìsàn kan tí ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ẹ má fi ara kí èèyàn.

Ọmọ Kétu ni mí, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí. Nílé wa tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ọkùnrin á so ọmú ńlá mọ́ àyà, á di aṣọ mọ́ ìdí títí á fi tóbi, torí àwọn ìyá wa là ń bọlá fún, àjọ UNESCO tó ń rí sí àṣà lágbàáyé gan-an kéde ẹ̀ ní 2001 pé ohun ìní gbogbo ayé ni. Ilẹ̀ á mọ́, obìnrin tó ní irú ara yẹn gan-an á dúró létí títì, ọlọ́kadà tá à ń pè ní zémìjàn á wò ó lókè wò ó nílẹ̀, á ní owó èèyàn méjì ló máa san, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ yín.

Òmíràn ni pé a máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni, pé ọ̀kánjúwà ni, kò lè kó ara ẹ̀ níjàánu. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọkàn èèyàn sọ pé ibẹ̀ gan-an ni ìkórìíra yìí ti ń ta gbòǹgbò, tá a bá ti gbà pé ẹnì kan ló fọwọ́ ara ẹ̀ fà á, àánú á tán nínú wa. Àwa tá a mọ ìbejì ju gbogbo ayé lọ, ó yẹ kó tètè yé wa: ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì fi hàn pé nǹkan bí 40 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn nípa ìsanra, inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló ti wá. Àìrí oorun sùn àti ìrònú náà wà ńbẹ̀.

Àwọn ọmọdé sì ń gbọ́ wa o. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961 wọ́n fi àwòrán ọmọ mẹ́fà han àwọn ọmọdé, ọ̀kan ń fi igi rìn, ọ̀kan wà lórí àga onítáyà, ọ̀kan ò ní ọwọ́ kan, ọ̀kan ní àbùkù lójú, ọ̀kan sanra, nǹkan kan ò ṣe ẹ̀kẹfà, wọ́n ní kí wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ràn wọn sí, ọmọ tó sanra ni wọ́n fi sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n tún un ṣe, èsì ẹ̀ jáde ní 2003, ó tún wá burú sí i.

Ẹ má sì sọ pé ẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kó lè fọn ni. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ará Amẹ́ríkà tó lé ní 6,000 láti 2006 dé 2010, nínú àwọn tí ò tíì sanra jù níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ní wọ́n ń fojú burúkú wo àwọn nítorí ara àwọn, wọ́n fi ìlọ́po méjì àbọ̀ sún mọ́ àtisanra jù ju àwọn yòókù lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ṣé ó máa lè jáde lọ sáré láàárọ̀ ni? Inú yàrá ló máa jókòó sí, ìbànújẹ́ á sì máa wá nǹkan dídùn kiri.

Èyí tó lè pa èèyàn ni tilé ìwòsàn. Mi ò sọ pé sísanra jù ò lè fa súgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sọ fún wọn níbì kan pé inú ń run òun, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òun jù, odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń dá a lóhùn pé kó dín ẹ̀kọ àti epo kù, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ikùn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ya fọ́tò inú ẹ̀ níbòmíì, iju ni, ìyẹn kókó tó máa ń hù nínú ilé ọmọ. Tí wọ́n bá sọ irú ẹ̀ fún yín, ẹ má dìde lọ sílé, ẹ bi wọ́n pé "Dókítà, ká ní ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé àìsàn yìí wá, kí lẹ máa yẹ̀ wò lára ẹ̀?" Wọ́n yọ iju yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sùn dáadáa báyìí, ó ti padà sọ́jà ẹ̀, ara ẹ̀ ò sì dín kù rárá.